Genius àti orin rọ́ọ̀kì tó ń sọ ìjà inú: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ tó ń wá ìtumọ̀ orin rọ́ọ̀kì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ kó tó bá ara rẹ̀ lójú ewé Genius. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ orin pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, àlàyé sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlà. A fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ méjì: kíka ọ̀rọ̀ orin, àti wíwá ohun tí olórin fúnra rẹ̀ sọ nípa orin náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin tí ènìyàn ti ń bá ara rẹ̀ jà ni, a ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ibi àkọ́yà. Ẹ gbọ́ orin náà dópin, ẹ ṣiṣẹ́ tiyín lórí ìwé ná, kí ẹ tó lọ wo ohun tí Genius wí. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe gbé ìkànnì náà kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Orin ráàpù ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Rap Genius ni ayé mọ̀ ọ́n sí, kó tó di pé wọ́n yọ Rap kúrò lára orúkọ náà lọ́dún 2014. Ilé-iṣẹ́ MediaLab tó ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ́dún 2021 ti bá a lórí ètò yìí náà ni. Nínú ráàpù, ìlà kan ṣoṣo lè kó orúkọ àdúgbò, èébú sí olórin mìíràn, àti ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì pọ̀. Ẹni tí kò gbé àdúgbò yẹn rí nílò kí ẹnìkan tú u fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Genius mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Orin rọ́ọ̀kì tó ń sọ ìjà inú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà le. Akẹ́kọ̀ọ́ JSS 2 lè ka èyí tó pọ̀ jù láìwo ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tó le níbẹ̀ ni mímọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ìdí tí ègbè fi ń padà wá bó ṣe wà nígbà tí ẹsẹ ti yí, àti ohun tó dé bá ohùn olórin láàárín ẹsẹ kejì sí ìparí. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ṣeé so mọ́ ìlà kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ka ojú ewé náà bí ẹni pé olórin ló kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tí àwọ̀ eérú bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àlàyé wà fún. Ẹ fọwọ́ kàn án, àpótí á ṣí. Kí ẹ tó ka àlàyé, ẹ wo orí àpótí. Bó bá jẹ́ Verified ni wọ́n kọ síbẹ̀, olórin náà tàbí ẹni tó bá a ṣe orin ló sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ Genius Annotation, àwọn tó ń lo ìkànnì ló kọ ọ́, àwọn alábòójútó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Unreviewed túmọ̀ sí pé ẹnìkan ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ ni, kò tíì sẹ́ni tó wò ó. Àmì àtàǹpàkò tún wà nísàlẹ̀. Kí ó má tàn yín: àtàǹpàkò púpọ̀ ń sọ pé àlàyé náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn, kò sọ pé ó tọ̀nà. Àlàyé tó tọ́ka sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, tó sì fi ìjápọ̀ rẹ̀ sí i kí ẹ lè kà á fúnra yín, ni kí ẹ fún ní ìwọ̀n. Apá tí wọ́n pè ní About ló sì ṣeyebíye jù nínú gbogbo ojú ewé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọdún tí orin jáde, àwọn tó kọ ọ́, àwo tó ti wá, àti nígbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu olórin jáde. Bí dátà yín kò bá tó nǹkan, About nìkan ni kí ẹ kà.

A fi orin méjì dán an wò, torí pé ìtàn àwọn méjèèjì wà lákọsílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Crawling ti ẹgbẹ́ Linkin Park, láti inú àwo Hybrid Theory tó jáde lọ́dún 2000. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ti rọ́ọ̀kì líle lọ́dún 2002. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nǹkan kan ń rìn lábẹ́ awọ ara olórin, egbò rẹ̀ kọ̀ kò jiná, ẹ̀rù ló ń gbé e ṣubú, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Bí a bá gé e sí ìlà ìlà, egbò á gba àpótí tirẹ̀, ẹ̀rù á gba tirẹ̀, awọ ara á gba tirẹ̀, ẹni tó kà á tán á sì mọ ohun púpọ̀ nípa egbò láìmọ ohun tí orin ń wí. Ẹ mú bírò dípò ìyẹn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí olórin ti pe ara rẹ̀, «I», «me», «my», kí ẹ wá «you» kiri. Ẹ kò ní rí i. Chester Bennington, akọrin ẹgbẹ́ náà, sọ èyí fún ìwé ìròyìn Rolling Stone lọ́dún 2002: kò síbi kankan tí òun ti sọ «you» nínú rẹ̀, òun gan-an lòun fa bó ṣe ń ṣe òun, orin náà sì jẹ́ ti kí ènìyàn gba ẹ̀bi ìwà rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀. Ó tún ti sọ pé àìlèkó ara òun níjàánu lọ́dọ̀ oògùn olóró àti ọtí ni orin náà dá lé.

Ibi yìí ló yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá fara balẹ̀ sí ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Etí wa ti mọ́ orin àti àdúrà tí ọ̀tá ti ń wà lóde: ayé, elénìní, àwọn ará ilé bàbá ẹni. Ẹni tó bá gbọ́ pé nǹkan kan ń fa ọkùnrin yìí sísàlẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ló ń ṣe é. Orin náà ti dáhùn, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni. Ikú ilé ni Bennington ń kọ lórin. Nínú ẹsẹ kejì, ó ní òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòjíìjí ara òun láìfẹ́. Ẹni méjì ti dé nìyẹn nínú ara kan ṣoṣo, orí ìlà yẹn sì ni gbogbo orin náà dúró lé. Lẹ́yìn náà, ègbè padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó ní ṣáájú. Ó tún un sọ torí pé nǹkan kan kò yí padà. Ẹsẹ lọ sókè sódò, ègbè dúró síbi tó wà, ohùn nìkan ló ń le sí i.

Àṣìṣe kan pọ̀ lórí orin yìí. Bennington kú ní oṣù keje ọdún 2017, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka gbogbo orin rẹ̀ bí ẹni pé ìwé ìdágbére ni. Ọdún tó wà láàárín àwo yẹn àti ikú rẹ̀ lé ní 16. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ àlàyé tí ẹ ń kà bó bá hàn, kí ẹ sì fi wé ohun tí olórin sọ nígbà tí orin ṣì tuntun. Ti 2002 ló ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́.

Orin kejì ni Hurt. Trent Reznor ti ẹgbẹ́ Nine Inch Nails ló kọ ọ́, òun ló sì fi kádìí The Downward Spiral, àwo tó ní orin 14, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1994. Johnny Cash, olórin kántírì ọmọ Amẹ́ríkà, tún un kọ lọ́dún 2002, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Genius fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Bí ìkànnì yìí bá ní iṣẹ́ kan tí a lè yìn ín fún láìdánu dúró, òun nìyí: ẹ lè ṣí méjèèjì kí ẹ kà wọ́n pọ̀, èyí ló sì ń kọ́ ènìyàn ní ìtumọ̀ orin ju àpótí 100 lọ.

Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Reznor ní adé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun dé. Adé ẹ̀gún ni Cash dé. Kò sí ọmọ ìjọ kan ní Àkúrẹ́ tí yóò nílò ẹni tó máa sọ ibi tí adé ẹ̀gún ti wá fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó bá dúró lórí ìlà yẹn nìkan á ní Cash ń fi ara rẹ̀ wé Jésù, ó parí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò tíì tán: orí àga òpùrọ́ ni ó jókòó sí tòun ti adé náà. Adé ẹni mímọ́ lórí àga òpùrọ́, ènìyàn kan ṣoṣo ló sì ń lo méjèèjì. Lọ́dọ̀ Reznor, adé àti àga bára mu, ẹ̀gbin lórí irọ́, ọkùnrin náà sì ti kórìíra ara rẹ̀ pátápátá. Lọ́dọ̀ Cash, adé àti àga ń bá ara wọn jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà, ìjà inú sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò wa ni pé ẹ̀dà Cash ló jinlẹ̀ jù níbi yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Reznor ló ni orin.

Abẹ́rẹ́ tí olórin dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ orin náà tún yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni ọdún 28 ni Reznor nígbà tí àwo rẹ̀ jáde. Létí ẹni tó gbọ́ ọ, oògùn olóró tàbí ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Cash ti pé 70, ó ti ń ṣàìsàn láti ọdún mélòó kan, ó sì ti fìgbà kan rí jẹ́ ẹrú oògùn oníhóró. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lè jẹ́ ti ìgbà èwe, ó sì lè jẹ́ ti ọsibítù. Fídíò tí Mark Romanek ṣe fún un fi àwòrán ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ sáàárín àwòrán arúgbó tó ń gbọ̀n lórí àga. Àlàyé tó bá sọ pé «oògùn olóró ni» lójú ewé méjèèjì láìyà wọ́n sọ́tọ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, «you» pọ̀ nínú Hurt, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn wà. Ta ni ọ̀rẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀? Ìdáhùn mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń mú wá: ọ̀rẹ́ tàbí olólùfẹ́, oògùn olóró, tàbí olórin fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹ fi ìfẹ́ inú yan ọ̀kan. Ẹ mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sí gbogbo ibi tí «you» wà láti òkè délẹ̀, kí ẹ wo ibi tí yóò ti dá. Ẹ fi oògùn sí i: ó dúró dáadáa níbi tó ti pè é ní ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ó dá níbi tó ti ní òun yóò já a kulẹ̀, òun yóò sì mú kó jẹ̀rora, torí oògùn kì í jẹ̀rora. Ẹ fi ènìyàn sí i: ó dúró níbi gbogbo. Ẹ fi olórin fúnra rẹ̀ sí i: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró níbi gbogbo náà, ó sì tàn bí iná níbi tó ti ní ẹnìkejì ti di ẹlòmíràn nígbà tí òun ṣì wà níbi tí òun wà. Nítorí náà, méjì ló kù, a ò sì rí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lé ọ̀kan jáde. Nínú orin ìjà inú tó dára, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ará ilé, kó sì tún jẹ́ èmi. Àpótí Genius kì í fẹ́ràn ìdáhùn méjì. Ẹni tó kọ ọ́ ti yan ọ̀kan kí ẹ tó dé.

Ohùn ni ohun kejì tí ojú ewé kò lè fún yín. Ẹ̀dà Reznor lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ti Cash kò pé mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú méjèèjì ní ìrètí díẹ̀: bó bá tún bẹ̀rẹ̀, níbi tó jìnnà, á wá ọ̀nà. Lórí bébà, orin náà parí sí rere. Ẹ wá gbọ́ ti Reznor: gìtá ya lu ọ̀rọ̀ náà lójijì, ariwo rẹ̀ sì ń dún lọ lẹ́yìn tí ohùn ti dákẹ́. Dùùrù Cash ń le sí i, ó ń le sí i, ó sì dá. Ṣé ariwo yẹn gba ìrètí náà gbọ́? Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ nìkan kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ìbéèrè wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ tàwa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ igbe nínú rọ́ọ̀kì, wọ́n gbọ́ «demon» tàbí «monster», wọ́n ní orin òkùnkùn ni. Genius kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, torí àwọn tó ń kọ àlàyé gbà pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àfiwé ni. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ ìṣe wò. Ṣé olórin ń pè é kó wá, àbí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fi òun sílẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Pọ́ọ̀lù ní Róòmù orí 7, níbi tó ti ń ráhùn pé ohun rere tí òun fẹ́ ṣe kọ́ lòun ń ṣe. Olùkọ́ ọ̀dọ́ tó bá fi orin àti orí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá gbọ́ Hurt tó sì sọ pé bó ṣe ń ṣe òun gan-an nìyẹn, ẹ pa ìwé dé, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí dókítà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ da ọ̀rọ̀ orin kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé A4 kan, kí àlàfo wà láàárín ìlà, kí etí ọ̀tún sì gba àkọsílẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 6. Bísíńẹ̀s sẹ́ńtà tó wà ní South Gate FUTA tàbí Alágbàká á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin láìwo ìwé. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi bírò àwọ̀ kan fa ìlà sábẹ́ «I», òmíràn sábẹ́ «you». Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ kọ sí etí ìwé ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀, ibi tó ti di igbe, ibi tí ìlù ti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ta ló ń bá ta jà, ta ló ń borí. Bí gbólóhùn náà bá gùn ju ìlà méjì lọ, ẹ kò tíì gbọ́ orin náà yé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí Genius. Fún orin ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú 40.

Ojú ewé Genius wúwo lórí fóònù kékeré, ìpolówó ló sì fà á. Ó máa ń fò sókè sódò nígbà tí ẹ bá ń kà á. Ẹ ṣí i níbi tí nẹ́tíwọ́kì ti dára, ẹ tẹ Share, ẹ tẹ Print, ẹ fi pamọ́ bíi PDF, kí ẹ kà á nílé láìlo dátà. Àpótí àlàyé kì í bá PDF lọ, nítorí náà, ẹ da èyí tí ẹ bá nílò kọ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀ máa ń ní àṣìṣe, pàápàá níbi igbe, torí àwọn olùgbọ́ ló fi etí gbọ́ tí wọ́n sì kọ ọ́. Ẹ má rò pé ó tọ̀nà torí pé ìkànnì mẹ́ta sọ ohun kan náà. Lọ́dún 2019, Genius pe Google lẹ́jọ́ pé ọ̀rọ̀ orin òun ni wọ́n ń dà kọ; oríṣi àmì kọ́mà òkè méjì tí Genius tò sínú ọ̀rọ̀ orin, títọ́ àti títẹ̀, kó lè ka «red handed» (ọwọ́ ba olè) ní kóòdù Morse, èyí tó ń fi àmì dípò lẹ́tà, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òǹkàwé ni pé ọ̀rọ̀ orin máa ń rìn láti ìkànnì dé ìkànnì tòun ti àṣìṣe rẹ̀. Ìwé pélébé inú CD ló ṣeé gbára lé jù, bí ẹ bá rí i.

Musixmatch, ti àwọn ará Ítálì, dára ju Genius lọ fún gbígbọ́: ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ohùn bí orin ṣe ń lọ, òun náà ló sì ń pèsè èyí tó ń jáde lórí Spotify. Kò ní àlàyé tó tó nǹkan. Google Translate ti ń túmọ̀ sí Yorùbá láti 2013. Ẹ lè fi wo ọ̀rọ̀ kan, ẹ má fi odidi ẹsẹ sí i, nítorí ó máa ń pàdánù ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ni gbogbo ohun tí à ń wá.

Máàkì tí a fún Genius nínú márùn-ún, ní ti ẹni tó fẹ́ lò ó, nìyí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú méjì sọ ìtàn orin kan lórí Orange FM tàbí Adaba FM: About á tó o, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹgbẹ́ onígìtá ní FUTA tó fẹ́ kọ orin náà lórí ìtàgé: mẹ́ta, kí wọ́n fi Musixmatch kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní Adéyẹmí ní Oǹdó tó ní iṣẹ́ àmúrelé lórí ohùn àti olùsọ̀rọ̀ nínú orin: méjì péré, àfi bó bá ṣí ẹ̀dà méjì orin kan pọ̀.

Ẹni tó bá rí àlàyé tí kò dúró lè ṣí àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ ibi tí wọ́n ti ń dábàá àtúnṣe lábẹ́ àpótí, kó kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kó sì fi ìjápọ̀ ọ̀rọ̀ olórin sí i. Àbá tí kò ní ẹ̀rí ni àwọn alábòójútó máa ń tètè kọ̀.